Ọkọ̀ Òfuurufú Nínú Sinimá: Ìbáyému àti Àsọdùn

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kò ju èyí lọ: bí sinimá bá fi ọkọ̀ òfuurufú hàn wá, èwo ni òtítọ́ níbẹ̀, èwo ni àsọdùn, kí sì ni àsọdùn náà ń ṣe fún ẹni tí ń wò ó?

Ọ̀rọ̀ sinimá kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí ìlú Òyìnbó, wọ́n ya àwòrán ìbẹ̀wò náà, wọ́n sì gbé e wá sí Èkó. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó rọ́ lọ wò ó. Ẹni tí ó bá mọ Aláké lójúkojú nínú wọn kò nílò ògbufọ̀. Ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ọba ni ó rí lára ògiri ni àbí ọba kọ́.

Mímọ̀ tí ènìyàn mọ nǹkan náà tẹ́lẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àwòrán rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe sinimá lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjemọ̀ ní ọdún 1914, nígbà tí àwọn sójà ìjọba yìnbọn pa àwọn ará ìlú, tí òmìnira ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì bọ́ sọnù ní ọdún yẹn kan náà, tí oníṣẹ́ náà wá fi bàálù ajubọ́ǹbù sí ojú ọ̀run Abẹ́òkúta, ọmọ Ìjemọ̀ tí kò tíì gbọ́n tán pàápàá yóò pariwo pé irọ́ ni. Ilẹ̀ wọn ni, ìtàn wọn sì ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn mélòó ni ó mọ ojú ọ̀run bí ó ti mọ Ìjemọ̀? Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò wọ bàálù rí láyé ti wọ̀ ọ́ ní ìgbà àìmọye nínú sinimá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí bàálù ṣe ń fò, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí ó ṣe ń já, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ ohun tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ já. Olùkọ́ ni sinimá jẹ́ fún wọn, yálà ó gbà láti jẹ́ olùkọ́ tàbí kò gbà.

Kí a tó dá sinimá lẹ́jọ́, ó yẹ kí a bi ara wa bóyá àsọdùn fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àsọdùn wà lára ohun tí ó mú lítíréṣọ̀ Yorùbá dùn. Bí oníjàálá bá fi erin wé òkè, kò sí ọdẹ kan tí yóò gbé ọkọ́ lọ dáko sí ẹ̀yìn erin. Ẹni tí ó ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 kò ní mú máàpù lọ wá Òkè Lángbòdó. Àdéhùn wà láàárín òǹkọ̀wé àti òǹkàwé: àwọn méjèèjì mọ̀ pé a ti kúrò ní ayé ojoojúmọ́. Àdéhùn mìíràn ni ti ìtàn àròsọ ìbáyému. I. O. Délànọ̀, ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, gbé Aiyé d'Aiyé Òyìnbó jáde ní ọdún 1955. Òǹkàwé tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè bóyá bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó àti bí wọ́n ṣe ń dájọ́ nínú ìwé náà bá ìgbésí ayé mu, nítorí pé ohun tí ìwé náà pe ara rẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni sinimá. Nígbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà, gbé Aiyé jáde ní ọdún 1979, tí ó sì gbé Jáíyésinmi tẹ̀lé e ní ọdún 1980, ayé àjẹ́ àti agbára òru ni ó pe àwọn ènìyàn wá wò. Nínú ọ̀pọ̀ sinimá Yorùbá tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, egbé a máa gbé ènìyàn kúrò lójú ewu, kánàkò a sì máa ká ọ̀nà jíjìn kúrú. Olùwòran gba gbogbo èyí ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Kò sí ẹni tí ó ti inú gbọ̀ngàn sinimá jáde tí ó wá ro pé egbé ni yóò gbé òun dé Ìbarà láìsan owó ọkọ̀. Sinimá bàálù ni ó yàtọ̀. Ó ń fi ẹ̀rọ gidi hàn, ó ń fi aṣọ awakọ̀ gidi hàn, ó tilẹ̀ lè kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ pé ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ni. Àdéhùn ìbáyému ni ó bá olùwòran dá. Bí ó bá wá mú egbé wọ inú rẹ̀ láìdárúkọ egbé, olùwòran kò ní mọ ibi tí òtítọ́ ti parí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kékeré méjì. Èkínní ni ti ìlẹ̀kùn tí ọ̀daràn ń ṣí lójú ọ̀run. Bàálù èrò a máa fò ní gíga tí ó tó nǹkan bí 10,000 mítà. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tí ó bá ń mí in lásán yóò dákú láìpẹ́. Nítorí ìdí èyí, ẹ̀rọ a máa fún afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ inú yìí a sì máa ti ara ọkọ̀ síta. Lórí ìlẹ̀kùn ńlá kan ṣoṣo, agbára ìtì náà lè tó ẹrù tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn bàálù ni wọ́n sì ṣe lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sínú díẹ̀ kí ó tó lè ṣí síta. Ẹni tí yóò ṣí i ní gíga yẹn ní láti lágbára ju tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lọ.

Èkejì ni ti ìbọn. Nínú sinimá Goldfinger tí ó jáde ní ọdún 1964, ọta ìbọn fọ́ fèrèsé bàálù, afẹ́fẹ́ sì fa ọ̀tá náà tòun ti sísanra rẹ̀ gba ojú fèrèsé lọ. Ihò tí ọta ìbọn ń dá kéré. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fún wọlé tó láti dí àlàfo irú ihò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ náà ní gbòǹgbò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nǹkan já kúrò lára ẹ́ńjìnì bàálù kan ní Amẹ́ríkà, ó fọ́ odindi fèrèsé, afẹ́fẹ́ fa obìnrin kan síta dé àyà, obìnrin náà sì kú. Obìnrin náà de bẹ́líìtì mọ́ra, àwọn tí wọ́n wà nítòsí ni ó sì fà á padà. Ẹ̀kọ́ tí òtítọ́ kọ́ni níbí ni ti bẹ́líìtì. Ẹ̀kọ́ tí àsọdùn kọ́ni ni pé kí a máa bẹ̀rù ihò kékeré.

Àsọdùn kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Òun ni ti akọni kan ṣoṣo. Ní ọdún 2012, sinimá kan tí ń jẹ́ Flight jáde ní Amẹ́ríkà. Denzel Washington ni ó ṣe awakọ̀ ibẹ̀. Nígbà tí ìdarí ọkọ̀ bàjẹ́, ó dojú bàálù délẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ fò, ó tún un dá sí ipò, ó sì bà sínú pápá. Nínú èrò àti òṣìṣẹ́ 102, 6 péré ni ó kú. Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2000. Bàálù Alaska Airlines kan ń fò létí òkun California nígbà tí irin oníkókó tí ń darí apá ìrù rẹ̀ jẹ tán. Àwọn awakọ̀ náà gbìyànjú láti máa fò pẹ̀lú ẹ̀yìn ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ọkọ̀ náà já sínú òkun, gbogbo ènìyàn 88 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì kú. Ìwádìí fi hàn pé irin náà kò rí gírísì tó. Nínú sinimá, akíkanjú ènìyàn kan ṣoṣo gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Nínú ayé, akíkanjú méjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ì bá gba ẹ̀mí là ni gírísì, láti ọwọ́ atúnọkọ̀ṣe tí kò sẹ́ni tí yóò mọ orúkọ rẹ̀. Ta ni yóò sanwó lọ wo gírísì? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Nígbà tí òtítọ́ fúnra rẹ̀ bá tilẹ̀ dára tó, sinimá a tún máa wá ọ̀tá fún un. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2009, àwọn ẹyẹ wọ ẹ́ńjìnì méjèèjì bàálù kan ní New York, ọkọ̀ náà bà sórí odò Hudson, gbogbo ènìyàn 155 inú rẹ̀ sì yè. Sinimá Sully tí ó jáde ní ọdún 2016 fi bí ọkọ̀ ṣe bà sórí omi hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó sọ àwọn olùwádìí ìjàǹbá di ọ̀tá tí ń wá ọ̀nà láti dá awakọ̀ lẹ́bi, èyí tí àwọn olùwádìí tòótọ́ sì takò. Ìpalára èyí kò kéré. Bí àwọn ènìyàn bá gbà pé ẹni tí ń bèèrè ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá ni ọ̀tá, ta ni yóò máa sọ òtítọ́ fún olùwádìí kí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá má bàa ṣẹlẹ̀ lọ́la?

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, nítorí pé sinimá bàálù kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Abẹ́òkúta gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹfà, ọdún 1993, wọ́n dìbò yan ààrẹ ní Nàìjíríà. M. K. O. Abíọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá, ni ìbò fi hàn pé ó borí. Ìjọba ológun sì fagi lé ìbò náà. Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, wọ́n fi Ernest Ṣónẹ́kàn ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni òun náà. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin fipá gba bàálù Airbus A310 ti Nigeria Airways tí ń ti Èkó lọ sí Àbújá. Wọ́n ní kí ìjọba fìdíhẹ kúrò lórí oyè. Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ni ọkọ̀ náà bà sí. Wọ́n tú ọ̀pọ̀ èrò sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 28, àwọn agbófinró Niger ya wọ inú ọkọ̀, wọ́n mú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kan sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Ní ọdún 2024, Robert Peters darí sinimá kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, Hijack '93, tí Netflix gbé jáde.

Sinimá tí kò gùn tó wákàtí méjì kò lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Gígé ìtàn kúrú kì í ṣe ẹ̀sùn. Ohun tí ó yẹ kí olùwòran wá nínú irú sinimá bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó di ìtàn náà mú. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ gidi, epo ni. Ìrìn Èkó sí Àbújá kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Bàálù kì í gbé epo tí ó pọ̀ ju ìrìn rẹ̀ àti èyí tí yóò fi pamọ́ fún àìrotẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé epo wúwo, gbígbé e lásán a sì máa jẹ epo mìíràn. Àwọn tí ó gba ọkọ̀ náà ń fẹ́ lọ sí Frankfurt ní Jámánì, ìrìn tí ó súnmọ́ 5,000 kìlómítà láti Èkó. Ènìyàn lè halẹ̀ mọ́ awakọ̀. Kò sí bí ó ṣe lè halẹ̀ mọ́ epo. Nítorí náà ọkọ̀ ní láti balẹ̀, nígbà tí ó sì ti balẹ̀, kò gbéra mọ́. Ìtàn tí gbogbo ayé ń pè ní ìtàn ojú ọ̀run, orí ilẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀ jù: nínú ooru Niamey, láàárín àwọn tí kò mọ ìgbà tí wọn yóò rí ilé, pẹ̀lú ìdúnàádúrà, ìdúró àti òùngbẹ. Ẹni tí ó bá ń retí ìjà lójú ọ̀run nìkan yóò fo ìdúró yìí kọjá, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ni ìyà àwọn èrò wà. Èyí tí ó tún burú ni pé bí ìtàn náà bá di ti àwọn mẹ́rin àti ìgboyà wọn nìkan, ọ̀rọ̀ ìbò tí wọ́n fagi lé yóò di aṣọ ìkélé lẹ́yìn wọn, ẹni tí ó kú yóò sì di kókó kékeré nínú ìtàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn June 12 tọkàntọkàn kò gbọdọ̀ fi àsọdùn bo òkú yẹn mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Ògùn tún mọ ohun tí bàálù tí ó já jẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Bellview tí ń ti Èkó lọ sí Àbújá já ní abúlé Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ó gbéra. Ènìyàn 117 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yè. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí ó kọ́kọ́ jáde ni pé Kìṣí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti rí i, àti pé àwọn kan yè. Ẹ fi ojú inú wo ìdílé tí ó gbọ́ èyí. Nínú sinimá, ẹnì kan a máa ti inú èéfín jáde nígbà gbogbo, aṣọ rẹ̀ á ya díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á sì wà níwájú orí rẹ̀. Ọkàn tí a ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà kò ní pẹ́ gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́, ìrora rẹ̀ yóò sì di ìlọ́po méjì nígbà tí òtítọ́ bá dé.

Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012, bàálù Dana Air tí ń ti Àbújá bọ̀ já sí Ìjú-Ìṣàgá ní Èkó. Ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, àwọn ará àdúgbò 6 sì bá wọn lọ. Ìwádìí ìjọba sọ pé ẹ́ńjìnì kan ti kọ̀ láti dáhùn nígbà tí ìrìn kò tíì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 lọ. Ọkọ̀ kò yà sí pápákọ̀ tí ó súnmọ́ ọn. Ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sí Èkó títí tí ẹ́ńjìnì kejì náà fi kọ̀ ní bèbè ìbalẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sí bọ́ǹbù, kò sí ìjì. Ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín àwọn tí ń wakọ̀, àti àkókò tí ń lọ, ni gbogbo rẹ̀. Sinimá ti kọ́ wa pé ewu a máa pariwo. Níbí, ewu jókòó tì wọ́n fún ìgbà pípẹ́ láìsọ̀rọ̀ sókè.

Ẹnì kan lè wí pé eré ni sinimá, pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ nípa bàálù kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Sinimá tí kò bá dùn kò ní rí olùwòran. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ kì í lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀, ọjọ́ ìṣòro sì ń dé bá èrò pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 1985, ẹ́ńjìnì bàálù kan bẹ́ ní Manchester nígbà tí ó ń sáré láti gbéra. Ọkọ̀ náà dúró lórí ilẹ̀, kò fò rárá, síbẹ̀ ènìyàn 55 ni ó kú, èéfín ni ó sì pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ẹ fi èyí wé ti Haneda ní Tokyo, ní ọjọ́ 2, oṣù kìíní, ọdún 2024. Bàálù Japan Airlines kọlu bàálù àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, ènìyàn 5 nínú bàálù kékeré náà kú, iná sì sọ nínú bàálù ńlá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́. Ohùn ẹnu ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń darí èrò. Wọ́n ní kí wọ́n fi ẹrù wọn sílẹ̀, àwọn èrò sì gbọ́ràn. Gbogbo ènìyàn 379 ni ó jáde láàyè kí iná tó jó ọkọ̀ náà tán.

Kò sí akọni kan ṣoṣo ní Haneda. Àwọn tí ó mọ ọ̀nà àbájáde, tí ó fi báàgì sílẹ̀, tí ó sì gbọ́ràn sí ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Òwe àgbà bá a mu wẹ́kú: àfẹ̀ẹ̀rí kan kò ju kí a rí igbó ńlá bà sí lọ. Ẹni tí ó ní igbó ńlá kò nílò oògùn. Ẹni tí ó ti ka iye ìjókòó tí ó wà láàárín òun àti ìlẹ̀kùn kò nílò egbé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí kù sí. Ẹ má ṣe lé sinimá jáde ní kíláàsì. Ẹ mú un wọlé, kí ẹ sì fi ìbéèrè mẹ́ta pàdé rẹ̀. Èkínní, àdéhùn wo ni ó bá olùwòran dá: ti Fágúnwà ni, tàbí ti Délànọ̀? Èkejì, kí ni ó yọ kúrò nínú ìtàn kí ó tó lè dùn: epo ni, gírísì ni, ìdúró ni, tàbí òkú? Ẹ̀kẹta, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ohun tí ó rí nínú sinimá náà lọ́jọ́ tí ó bá wọ bàálù gidi, ṣé yóò délé? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wo àsọdùn tí ó bá wù ú, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó pàtẹ́wọ́, kò sì ní ṣìnà. Yóò rí sinimá bàálù bí ará Ẹ̀gbá ọdún 1904 ti rí àwòrán Aláké: ojú ẹni tí ó mọ̀ ni yóò fi wò ó.